Àlùfáà Samuel Johnson: Ẹni tí Ìgbàgbọ́ Kò Jẹ́ kí Ó Dákẹ́

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé agbára tí kò ní ìjánu a máa pa ẹni tí ó ní in, a sì máa pa ẹni tí kò ní in. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi Ọ̀yọ́mèsì ti Aláàfin lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì fi ìlànà lélẹ̀ pé bí ọba bá kọjá àyè rẹ̀, kí Baṣọ̀run kéde fún un pé ayé ti kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ Yorùbá bí a ṣe ń bá alágbára wí, olúwarẹ̀ kò mọ ìtàn Ọ̀yọ́.

Ṣùgbọ́n ìlànà náà ní ààlà tirẹ̀. Àwọn ìjòyè ni wọ́n lè sọ̀rọ̀ níwájú ọba. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún ẹrú tí a kó lójú ogun? Ta ni yóò gba ẹnu ìwọ̀fà sọ̀rọ̀? Ta ni yóò bá ìlú kékeré rojọ́ nígbà tí ajẹ́lẹ̀ ìlú ńlá bá jẹ wọ́n ní ìyà? Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa kan, àwọn ènìyàn kan dìde tí ìgbàgbọ́ Kristi mú kí ọ̀rọ̀ yìí di ẹrù lọ́kàn wọn. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ní ìlú Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àṣà wa tí kò tíì gbọ́ nípa ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ. Àwọn tí wọ́n mọ ìwé náà pọ̀. Àwọn tí wọ́n mọ ìgbésí ayé ẹni tí ó kọ ọ́ kò tó bẹ́ẹ̀.

ỌMỌ ẸNI TÍ A TÀ LẸ́RÚ

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní ìlú Hastings, ní Sàró. Henry Erúgúnjinmí Johnson ni orúkọ baba rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọkùnrin yìí, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni ó sì ń pe ara rẹ̀. Ogun ni ó gbé e kúrò nílé. Ó di ẹrú, ó di ẹni tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Sàró pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá mìíràn. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹrú níwájú Johnson, ọ̀rọ̀ ìyàrá baba rẹ̀ ni a ń sọ, kì í ṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu.

Ìdílé náà kì í ṣe ìdílé kékeré. Henry àti Nathaniel, àwọn arákùnrin Samuel, di àlùfáà. Obadiah, àbúrò rẹ̀, di oníṣègùn òyìnbó. Ní ìparí ọdún 1857 ni baba wọn kó wọn padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti ran iṣẹ́ ìhìnrere ẹgbẹ́ C.M.S. lọ́wọ́. Nígbà tí ọdún 1858 bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Òyìnbó ará Jámánì kan, David Hinderer, àti ìyàwó rẹ̀, Anna, ni wọ́n dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni Samuel ti dàgbà. Ọ̀wọ̀ tí ó ní fún Hinderer pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìrántí rẹ̀ ni ó fi ìwé ìtàn náà ṣe nígbẹ̀yìn.

OGUN ÌJÀYÈ ÀTI ÀṢÀ ÀRẸ̀MỌ

Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ogun bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣà ni ó sì fà á. Láyé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́, bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kù lẹ́yìn rẹ̀. Òun pẹ̀lú yóò kú. Aláàfin Àtìbà, ẹni tí ó tẹ Ọ̀yọ́ tí a wà yìí dó sí Àgọ́ Ọ̀jà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ni ó pa àṣà náà dà. Ó fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní tẹrí ba fún Àrẹ̀mọ tí ó yẹ kí ó ti kú. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, tí Adélù gorí oyè, ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè tú pátápátá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa bi ara wọn léèrè pé ta ni ó jàre: ẹni tí ó di àṣà mú ni, tàbí ẹni tí ó pa á dà kí ọmọ rẹ̀ má baà kú? Àríyànjiyàn náà dára nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin Johnson rí. Ó rí i pé àwọn tí wọ́n kú nínú ogun náà kì í ṣe Adélù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìdí ìjà náà. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn. Ebi wọ ilé àwọn Hinderer ní Kúdẹtì. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè rí oúnjẹ jẹ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Johnson kọ́ nípa ìṣèlú nìyí: bí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń fara gbá a.

Láàrin ọdún 1863 sí 1865, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ G. F. Bühler. Nígbà tí ó jáde, ó padà sí Ìbàdàn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1875, ó di olùkọ́ni ìjọ ní Àrẹ̀mọ, ó sì fẹ́ Lydia Okùsẹ̀hìndé ní ọdún kan náà. Nígbà yìí, àwọn Hinderer ti lọ. Daniel Olúbí, ọmọ Yorùbá bí tiwa, ni ó ń ṣe olórí iṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn.

OHUN TÍ OJÚ RẸ̀ RÍ NÍ ÌBÀDÀN

Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn láyé náà. Ogun ni oko wọn, ẹrú sì ni irè oko náà. Láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti Àkókó, wọ́n ń kó ènìyàn wọlé bí ẹni kó àgbàdo. Àwọn kan nínú àwọn ẹrú náà ń dáko, àwọn kan ń gbé ìbọn tẹ̀ lé olúwa wọn, a sì ń ta àwọn kan kí a lè fi owó wọn ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ìlú tí ogun bá ti ṣẹ́, ajẹ́lẹ̀ ni a ń fi síbẹ̀. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni láti gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ ojú fún olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn sọ ara wọn di ọba lórí ọba. Wọ́n ń jẹ irè tí wọn kò gbìn, wọ́n ń fi ipá gba aya aláya, ìlú tí ó bá sì ráhùn ti ṣẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ní ibí yìí. Jíjẹ́ onígbàgbọ́ nìkan kò tó láti mú ènìyàn kórìíra ìwà yìí. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ gan-an, a rí àwọn tí wọ́n ní ẹrú nílé, a sì rí àwọn tí wọ́n ní ìwọ̀fà. Ẹ̀yin àgbà mọ bí ìwọ̀fà ṣe rí: ẹni tí a fi dúró fún owó, tí ó ń sìn, tí iṣẹ́ tí ó ń ṣe sì jẹ́ èlé lásán. Bí ó bá sìn fún ogún ọdún, owó tí a yá dúró síbẹ̀ pérépéré. Nígbà tí àwọn aláṣẹ C.M.S. pàṣẹ ní 1879 pé òṣìṣẹ́ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́, ariyanjiyan ńlá dé. Ìpàdé kan ni wọ́n ní láti pè ní Èkó ní 1880 nítorí rẹ̀. Àwọn kan ní àṣà ilẹ̀ ni, kí a fà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ìgbà tí a fi ń fà á. Àárín ìjà èrò yìí ni Johnson ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí a lè rí kedere nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni pé, ó gbà pé Ọlọ́run kan náà tí ó rán Nátánì sí Dáfídì ọba nítorí aya Ùráyà, tí ó sì rán Ámósì sí àwọn ọlọ́lá Ísírẹ́lì nítorí àwọn tálákà, ni ó ń wo ilẹ̀ Yorùbá. Ojú yìí ni ó fi ka ìtàn wa. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa Baṣọ̀run Gáà tí ó ń pa ọba jẹ, nípa Aláàfin Awólẹ̀ àti Àfọ̀njá, nípa Ọ̀yọ́ Ilé tí ó tú, kì í ṣe agbára Fúlàní nìkan ni ó rí. Ó rí ilẹ̀ kan tí àwọn alágbára rẹ̀ ti ń ta ọmọ ara wọn, tí ìdájọ́ sì wá bá.

Ó sì wúlò láti kíyè sí i pé ó sọ̀rọ̀ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ìbàdàn ni ó ń gbé. Àwọn Ìbàdàn ni ọmọ ìjọ rẹ̀. Ìjọba tí ó fún un ní ààbò ni ti Ààrẹ Látòóṣà, tí ó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1871. Síbẹ̀, ó kọ ìwà ìkà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sílẹ̀ láìfi bò. Ó kọ bí Látòóṣà ṣe fi ọwọ́ líle mú àwọn ìjòyè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti bí Ẹfúnṣetán Ìyálóde ṣe kú ní 1874. Ìbáwí ọ̀tá kò ṣòro; ìbáwí ará ilé ni ó ń dán ìgbàgbọ́ ènìyàn wò.

ÌWÉ ALÁÀFIN

Ní 1877, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá wọ ìjà nítorí ọ̀nà òwò. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dojú kọ àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ tí ìwà wọn ti sú u. Ó pa wọ́n. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Ìró àgbá ni ó fún ogun náà ní orúkọ. Ìhà mẹ́rin ni ọ̀tá ti yí Ìbàdàn ká: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtìparapọ̀, àti Ìlọrin tí ó dó ti Ọ̀ffà.

Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1876, rí i pé kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn òun mọ́ láàrin àwọn ọmọ òun. Ó pinnu láti ké sí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kí ó bá wọn dá sí i. Ẹ mọ bí a ṣe ń rán iṣẹ́ ọba ní Ọ̀yọ́. Ìlàrí ni ó ń jẹ́ ẹ, ẹni tí a fá apá kan orí rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọba. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìránṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ìwé ni Gómìnà ń kà, kì í ka orí ìlàrí. Nítorí náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1881, Aláàfin wá ẹni tí ó mọ ìwé tí ó sì mọ àṣà. Samuel Johnson, tí a ti fi jẹ díákónì ní 1880, ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Òun ni ó gbé ìwé Aláàfin lọ sí Èkó, nígbà tí ọ̀nà dí, tí ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn wá sì lè di ẹni tí a gbé tà.

Ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun kò sì gbà láti kọ́kọ́ kúrò ní bùdó. Látòóṣà kú sí bùdó ogun ní 1885. Ní 1886 ni Gómìnà Moloney tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ó sì yan ọmọ Yorùbá méjì, àlùfáà méjèèjì: Charles Phillips lọ sí ọ̀dọ̀ Èkìtìparapọ̀, Johnson lọ sí bùdó Ìbàdàn ní Ìgbájọ.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira wọn. Òtan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ dúró pẹ̀lú Ìbàdàn. Aláàfin àti Ọwá Iléṣà yóò sì máa bá ara wọn lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ wo bí àṣà ilé ṣe wọ inú ìwé òyìnbó! Bí ó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni ó kọ ọ́, bóyá a kò bá má rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, a sun bùdó, àwọn ọmọ ogun sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́ kò yanjú, ogun Ọ̀ffà kò sì tíì parí. Ṣùgbọ́n ìbọn dákẹ́ ní Kírìjì.

NÍ ỌYỌ́, ÀTI NÍ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ní 1887, Johnson di olùṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ní 1888, a fi í jẹ àlùfáà. Ní ọdún kan náà ni ikú mú Lydia aya rẹ̀ lọ. Ọ̀yọ́ ni ó wà títí ó fi kú. Níbẹ̀ ni ó ti ráyè jókòó ti àwọn arọ́kin ààfin, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ìtàn àwọn ọba. Ó ti gbọ́ tẹnu àwọn àgbà mìíràn pẹ̀lú, bíi David Kúkọ̀mí, bàbá ìjọ Ìbàdàn, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Kì í ṣe gbogbo àlùfáà ayé náà ni ó lè jókòó ti arọ́kin. Àwọn mìíràn rò pé iṣẹ́ kèfèrí ni.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, ìgbàgbọ́ ń gbé ìbéèrè mìíràn dìde. Ìlú tí ó gba àwọn tí ogun Fúlàní lé kúrò nílé wọn ni Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 1855 ni Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti mú ìhìnrere débẹ̀. Moses Ládẹ̀jọ Stone, ọmọ ìlú náà, ni a fi jẹ àlùfáà ní 1880. Ní 1888, òun àti òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, W. J. David, ní èdèàiyedè lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó. Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ ìjọ ti yapa tí wọ́n sì dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀, Stone sì ṣe olórí wọn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí Johnson ń bá àwọn ajẹ́lẹ̀ àti jagunjagun wí, Stone bi àwọn tí wọ́n mú ìhìnrere wá léèrè bóyá àwọn náà ń ṣe ohun tí wọ́n ń wàásù. Ìbéèrè kan náà ni.

ÌBỌN BOWER

A kò lè sọ ìtàn yìí tán kí a má dé ibi tí ó ti korò. Ní oṣù kejì ọdún 1893, Gómìnà Carter wá sí Ọ̀yọ́, Aláàfin Adéyẹmí sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún náà ni ogun parí níkẹyìn. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1895, ọ̀gágun Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Ìbàdàn, yin ìbọn lu ìlú Ọ̀yọ́. Èdèàiyedè lórí ìdájọ́ tí a ṣe lábẹ́ àṣà Ọ̀yọ́ wà nínú ohun tí ó fà á. Ìlú tí ó ránṣẹ́ pe onílàjà ni onílàjà wá yìnbọn lù. Johnson ni àlùfáà ìjọ ìlú náà lọ́dún yìí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti fi èyí bá Johnson wí. Wọ́n ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn amúnisìn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ké sí alágbára kan kí ó gba òun lọ́wọ́ alágbára mìíràn ní láti béèrè ohun tí ẹni tí ó ké sí yóò gbà. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a ń tà nítorí ìbọn, àti àgbẹ̀ tí kò lè lọ sí oko nítorí àwọn agbénipa. Fún wọn, òpin ogun náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Èrò tèmi ni pé Johnson ṣe ohun tí ó tọ́ nígbà tí kò dákẹ́. Ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun kan náà tí ó mú kí ó rí ẹ̀ṣẹ̀ Gáà àti ti Látòóṣà ni a ní láti fi wo ẹ̀ṣẹ̀ Bower pẹ̀lú.

ÌWÉ TÍ Ó SỌNÙ TÍ A SÌ TÚN RÍ

Ní 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀. Ó dùn ún pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Gíríìkì, Róòmù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti baba wọn, nígbà tí àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n sì ń kú lọ. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Samuel Johnson kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1901 láì fojú rí i. Obadiah, àbúrò rẹ̀, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní 1916, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Obadiah pẹ̀lú kú ní 1920. Ní 1921 ni a tó tẹ ìwé náà jáde.

Ìwé náà ní àléébù tirẹ̀. Láti ojúlé Ọ̀yọ́ ni Johnson ti wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ìtàn tiwọn kò tó níbẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ má ṣe fi í kọ́ ọmọ bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àgbà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ nínú ìtàn yìí. Èkíní, ẹni tí yóò bá ayé wí ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ilé tirẹ̀. Èkejì, ìgbàgbọ́ tí kò bá ẹ̀dá wá àlàáfíà kò tíì dé ibi tí ó ń lọ. Adúrà tí Johnson gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò dá a dúró láti wọ bùdó ogun. Ẹ̀kẹta, àṣà àti ìgbàgbọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọ̀yọ́mèsì tí ó kọ ọba búburú àti wòlíì tí ó bá ọba wí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: pé kò sí ẹni tí ó ga ju ìdájọ́ lọ.

Láyé tiwa yìí náà, àwọn kan ṣì ń jẹ irè tí wọn kò gbìn, àwọn ọmọ kan sì ṣì ń sìn nílé onílé láìgba owó, láìlọ sí ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ ajẹ́lẹ̀ àti ìwọ̀fà ti parẹ́. Ìwà náà kò tíì parẹ́. Ẹni tí ó bá rí i tí ó sì lè sọ̀rọ̀, kí ó sọ ọ́.